Ọmọ tí mo gbà tọ́ ti wọ SS1, ṣùgbọ́n ìwé kò wọlé: ẹ bá mi dá sí i

ÌyáGàáÀkànbí (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í fọhùn. Ọmọbìnrin kan tó wà lọ́dọ̀ mi ló gbé mi jáde lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó wà ní SS1. Àwọn wẹ́lífíà ló fà á lé èmi àti baálé mi lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá kò sí nínú ọ̀rọ̀, ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní apá Ìgbájà kò sì lágbára mọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, ó sì ti gbé ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ilé-ìwé tó wà yìí ni ìkẹrin.

Ọmọ náà kò burú rárá. Ó mọ́ra, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, àbíkẹ́yìn mi kì í fẹ́ sùn láìjẹ́ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ni ìṣòro. Ìṣirò àti físíìsì rẹ̀, pupa ni gbogbo rẹ̀. Tí a bá ní kó jókòó kàwé, á ṣí ìwé, á sì tẹjú mọ́ ọn títí, kò ní yí ojú ewé kankan. Mo tún rí i pé ó máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Akọ̀wé ilé-ìwé ní kó wá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti bi í, láti ọjọ́ náà ni kì í ti í fẹ́ lọ sílé-ìwé ní ọjọ́ Ajé.

Baálé mi ní kó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Èmi ń rò ó bóyá kí a fún un ní orúkọ ilé wa, kí wọ́n yé béèrè ìbéèrèkíbéèrè. Kò ní ìwé ìbí, kò ní NIN. Tó bá wá pé ọdún méjìdínlógún ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

---

Àjàdí_Sángo

Alhaja, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. N kò ní ìmọ̀ràn, mo kàn fẹ́ jókòó síbí kí n máa gbọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún Iléyá.

---

TíṣàFẹ̀yìntì_ỌmúÀrán

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ọmọ tí ẹ sọ yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ní àárín ilé-ìwé kan sí òmíràn, báwo ló ṣe pẹ́ tó tó fi jókòó sílé? Kò sẹ́ni tó máa ń ka ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n mú kúrò ní Ìgbájà ní àárín táàmù kejì, tó wá wọ kíláàsì ní Ìlọrin ní táàmù kẹta, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n á wò, wọ́n á sì fi í síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n kọ́ nígbà tí kò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa padà kọ́ ọ.

Nínú ìṣirò, ìdá ló sábà máa ń bọ́ sọnù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdá mẹ́ta kún ìdá mẹ́rin, kò lè mọ rátíò, áljébrà á dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, físíìsì á wá parí rẹ̀. Á ṣí ìwé, kò sì ní yí ojú ewé, nítorí kò sí ohun tó máa rí ní ojú ewé kejì tó máa yé e.

Torí náà, ẹ má ì tíì ra ìwé SS1 kankan. Ẹ yá ìwé ìṣirò Práímárì 5 àti ti JSS1. Kó máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní máàkì, kí ẹ má sì gbé aago síwájú rẹ̀. Ibi tó bá ti dúró, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é lójú àwọn ọmọ yín, pàápàá àwọn tó kéré sí i. Ìtìjú máa ń lé ọmọ kúrò nídìí ìwé ju ẹgba lọ. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ lójoojúmọ́.

Ní ti akọ̀wé yẹn, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ kọ fọ́ọ̀mù náà ní ọ́fíìsì kí táàmù tó wọlé. Ẹ wá tíṣà kan ṣoṣo tí ẹ lè fọkàn tán, ẹ sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un. Kó má ju ẹnì kan lọ o. Yàrá àwọn tíṣà kò ní ilẹ̀kùn. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, mo gbé ibẹ̀ rí.

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Ẹ má bínú, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ baálé yín. Ìwé kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ fún un kíákíá, kó lè dá dúró. Mélòó mélòó nínú àwọn tó gba dìgírì ló ń gun ọ̀kadà ní Táńkẹ?

---

TíṣàFẹ̀yìntì_ỌmúÀrán

Ọ̀gá Télọ̀, mo kí yín. Àwọn ọmọ tí ẹ bí ńkọ́, ibo ni wọ́n wà?

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Ọ̀kan wà ní KWASU, yunifásítì tó wà ní Màlété. Èkejì ń múra ìdánwò WAEC.

---

TíṣàFẹ̀yìntì_ỌmúÀrán

Ẹ ṣeun.

---

ỌmọPólì_Ọ̀fà

Hahaha, Bàbá Tíṣà ò dáa o.

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n gbà mí tọ́ náà ni. Ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́ta ni mo ti dàgbà, mo ti wà ní Pólì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀fà báyìí.

Búrẹ́dì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí nítorí rẹ̀. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Ẹni tó ti sùn ní ebi lọ́dọ̀ ẹlòmíràn rí kò lè gbàgbọ́ pé oúnjẹ ọ̀la dájú, bó tilẹ̀ wù kí ìkòkò yín kún. Ẹ fún un ní ike kan tó ní ìdérí, kí bísíkíìtì tàbí ẹ̀pà máa wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Tó bá yá, kò ní rántí ike náà mọ́.

Ìkejì: ẹ ṣọ́ àwọn tó ń pín ẹ̀bùn. Nígbà tí mo wà ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n á kó ìwé kíkọ méjìméjì àti páálí Indomie wá, wọ́n á tò wá sórí ìlà, wọ́n á yà wá ní fọ́tò. Fọ́tò náà á bọ́ sórí Facebook, àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì á rí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú mi kì í dùn sí ìwé náà láti ọjọ́ yẹn lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ran ọmọ yìí lọ́wọ́, kó san owó PTA rẹ̀ ní jẹ́jẹ́.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Àwọn àgbà ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòrutòru. Mo ń fọ abọ́ gbogbo ilé tán ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ kí n tó ráyè mú ìwé, wọ́n á sì ní mi ò kí ń kàwé. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí nílé yín o, Alhaja. Ẹ kàn ṣírò iṣẹ́ tí òun ń ṣe, kí ẹ ṣírò ti àwọn tí ẹ bí, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.

---

Wẹ́lífíàTẹ́lẹ̀

Mo ti ṣiṣẹ́ wẹ́lífíà rí ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ bá ìyá wa sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń há sí, kì í ṣe ní kíláàsì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí wọ́n fún yín wò. Ṣé lẹ́tà lásán ni, àbí àṣẹ ilé-ẹjọ́? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, àti èyí tí Kwara fúnra rẹ̀ ṣe, fi ọ̀rọ̀ ìgbàtọ́ sábẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Tó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ padà lọ bá wọn, ẹ ní kí wọ́n parí rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn tí dókítà ní kí ẹnì kan fọwọ́ síwèé, ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìbí. Ọ̀fẹ́ ni fíforúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn, ìyẹn NPC. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà wẹ́lífíà dání, kí ẹ sì mú ohunkóhun tó bá ní orúkọ ọmọ náà láti Ìgbájà, ì báà jẹ́ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé ẹ̀rí práímárì.

Ìwé ìbí ló máa bí NIN. Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n máa ń so tirẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ̀yin náà ẹ mú tiyín dání. Kíkọ́kọ́ ṣe é kò náni ní kọ́bọ̀. Àtúnṣe ló ń gbowó: tí ọjọ́ ìbí bá ṣì, 28,574 náírà ni wọ́n sọ àtúnṣe rẹ̀ dà ní 2025. Ẹ ka gbogbo lẹ́tà tó wà lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ní kó tẹ̀ ẹ́. Láti 2021 ni JAMB kò ti gba ẹni tí kò ní NIN. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé gan-an tó jókòó sílé lọ́dún kan gbáko nítorí pé orúkọ inú NIN rẹ̀ àti ti WAEC kò bára mu. SS1 ló wà, àsìkò ṣì wà. Ẹ parí rẹ̀ kó tó wọ SS3.

Orúkọ ilé yín tí ẹ fẹ́ fún un: ẹ dúró díẹ̀ ná. Ìgbàtọ́ yàtọ̀ sí ìsọdọmọ. Ìsọdọmọ ni òfin fi máa ń sọ ọmọ di ti ilé tó gbà á pátápátá, ilé-ẹjọ́ ló sì ń ṣe é. Ẹ má lọ gba àfidáfíìtì lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kí ẹ wá pààrọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

---

Àfáà_Àdẹ́ta

Salaam aleikum. Alhaja, ohun tí wẹ́lífíà sọ nípa orúkọ, ẹ̀sìn wa ti sọ ọ́. Nínú Suratul Ahzab, ẹsẹ karùn-ún, Ọlọ́run ní kí a máa fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n. Kò dí ọ̀nà àánú. Ànábì fi ìka méjì hàn, ó ní bí òun àti ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ọmọ òrukàn ṣe máa súnmọ́ra nínú Àlùjáńnà nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì máa jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Mo tún ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Ìyá rẹ̀ tó kú, ṣé kò fi nǹkan kan sílẹ̀? Ilẹ̀, oko káṣù, yàrá kan nínú agbo ilé? Ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ wádìí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wẹ́lífíà sì mọ̀. Ohun ìní ọmọ òrukàn, iná ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Mo ti bá wọn jókòó lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí: ọmọ ti dàgbà, àwọn àbúrò bàbá ti ta ilẹ̀ tán.

---

Ìgbómìnà_Gidi

Àfáà, ẹ ṣé. Ọmọ ìjọ ni èmi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kan wa ní Òró náà. Kò mọ ẹ̀sìn.

---

ỌmọMọjọ̀_England

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, England ni mò ń gbé, èmi àti ìyàwó mi sì ń gba ọmọ tọ́ níbí. Mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe pé kí ẹ gbé e bó ṣe rí.

Ọmọ tó bá wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba níbí, ó ní ìwé ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀, PEP ni wọ́n ń pè é. Ní táàmù kọ̀ọ̀kan, alágbàtọ́, tíṣà kan tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà ní ilé-ìwé, àti òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà máa ń jókòó lé e lórí. Kí ló mọ̀? Kí ni kò mọ̀? Kí ló nílò? Wọ́n á bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti 2014, òfin ti pọn ọ́n ní dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ní ọ̀gá kan tó ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ gbogbo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá gbé wọn lọ. Bí ọmọ bá ṣí kúrò ní ilé kan, ìwé rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

Lọ́dún 2014 kan náà ni wọ́n ṣètò pé ọmọ lè dúró sọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀ títí di ọdún mọ́kànlélógún, tí àwọn méjèèjì bá fẹ́. Ṣáájú rẹ̀, tó bá ti pé méjìdínlógún, ó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ nìyẹn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣubú lójú ọ̀nà. Owó nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Láàárín 1950 sí 1970-ó-lé, àwọn ọmọ Yorùbá tó wá kàwé níbí máa ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó aláwọ̀ funfun ní ìgbèríko, wọ́n á máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn lè rí àyè kàwé. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti di àgbàlagbà báyìí, wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò sì mọ ìlú bàbá wọn. Ìgbàtọ́ kò ṣàjèjì sí wa, Ẹ̀yin ará. Wọ́n ti gbà wá tọ́ rí.

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Táàmù kọ̀ọ̀kan! Ta ló máa kó tíṣà àti wẹ́lífíà jọ ní Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún? Epo mọ́tò wẹ́lífíà ńkọ́?

---

Wẹ́lífíàTẹ́lẹ̀

Òótọ́ ni, epo kì í sí. Ṣùgbọ́n ìyá lè ṣe é fúnra rẹ̀: ìwé kíkọ kan, ojú ewé kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí tíṣà yẹn kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ kúrò lọ́la, kí ìwé náà bá a lọ. Ká ní irú rẹ̀ tẹ̀ lé e láti Ìgbájà ni, Bàbá Tíṣà kò ní máa fi Práímárì 5 wá ibi tó ti sọnù.

---

Nọ́ọ̀sì_ÒkèOyì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ dákun, ibo ló máa ń jókòó sí ní kíláàsì? Tó bá mú fóònù tàbí ìwé, báwo ló ṣe ń súnmọ́ ojú rẹ̀ tó? Ọmọ tó ti gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá, gbogbo ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó ṣáájú ti ṣàyẹ̀wò ojú rẹ̀, etí rẹ̀, eyín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ẹ béèrè genotype rẹ̀ náà.

---

ÌyáGàáÀkànbí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù, mo lọ wò ó. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, nítorí àárín táàmù ló dé, ibẹ̀ ni àyè wà. Àṣé kì í rí pátákó! A ti yẹ ojú rẹ̀ wò, kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa, wọ́n ti kọ awò fún un. Kò fẹ́ lò ó ṣá, ó ní wọ́n máa pe òun ní ìyá àgbà. Genotype rẹ̀ AS ni.

Bàbá Tíṣà, awò nìkan kọ́ o. Ìwé Práímárì 5 tí ẹ sọ, ó ń sáré ṣe é, ó kan ìdá, ó dúró gbári.

Baálé mi ní òun gbọ́, kó parí SS3. Mo sì bi ọmọ náà léèrè lórí orúkọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ rẹ̀, pé òun fẹ́ kí ìyá àgbà lè máa dá òun mọ̀ nínú ìwé ìròyìn tí òun bá di nọ́ọ̀sì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìbéèrè kan ló kù: ta ló máa san owó yunifásítì?

---

ỌmọPólì_Ọ̀fà

NELFUND, Alhaja, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Èmi ń lò ó. Òfin àkọ́kọ́ ní 2023 ń béèrè onídùúró, ó sì fi òdiwọ̀n sí owó tó ń wọlé fún ẹbí, irú wa kò lè rọ́nà gbà. Èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2024 ti mú ìyẹn kúrò. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Kò sí èlé lórí rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà máa tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ni o. Nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN ni wọ́n ń béèrè, ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ NIN tún padà dé.

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Mo ti gba ti Bàbá Tíṣà. Kó parí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ṣì wá kọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, n kò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́. N kò ní ní kó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tàbí kó máa ra oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, masíìnì ló máa jókòó tì. Alhaja, ẹ ránṣẹ́ sí mi nínú àpótí ìkọ̀kọ̀ níbí.

---

ÌyáGàáÀkànbí

Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ń béèrè bóyá ọ̀gá obìnrin wà níbẹ̀.

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Ìyàwó mi ló ń kọ́ àwọn obìnrin, ọ̀gá tèmi náà ni. Kó wá ní aago mẹ́wàá, kó mú téèpù dání.

---

TíṣàFẹ̀yìntì_ỌmúÀrán

Aago mẹ́wàá Sátidé ni mo fẹ́ kó fi máa ṣe ìdá.

---

BàbáTélọ̀_Táíwò

Aago méjìlá, Tíṣà. Mo ti gbọ́.